Sítíárìn Kọ́kọ́, Kí Ẹ Tó Ra Ẹ́ńjìnnì: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Ọkọ̀ Pọ́ńtúùn

Lẹ́tà tó pọ̀ jù nínú àwọn tó dé ọwọ́ mi lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ pọ́ńtúùn ló wà nínú wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì wọ̀ ọ́ rí, ọkọ̀ pẹrẹsẹ ni, tí ilẹ̀ rẹ̀ jókòó lórí agbá alumíníọ́mù gígùn méjì tàbí mẹ́ta, tí wọ́n fi irin ṣọgbà yí ká, tí wọ́n to àga tìmùtìmù sí, tí wọ́n sì ta ìbòrí lé lórí. Ìpínlẹ̀ Minnesota ni Ambrose Weeres ti gbé e jáde lọ́dún 1952: pákó lásán lórí agbá irin tí wọ́n jó pọ̀. Lónìí, òun ni ọkọ̀ ìdílé lórí adágún káàkiri Amẹ́ríkà, torí pé kì í fì, àgbàlagbà lè rìn lórí rẹ̀ láìdi nǹkan mú, ọmọdé náà sì láyè. Àwọn èèyàn wa ní Houston, Dallas àti Atlanta ti ń rà á. Àwọn ará ilé ní Nàìjíríà náà ti ń jó irin pọ̀ ṣe tiwọn.

Ẹ̀pẹ́ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, Texas ni mo ti ń jẹun nídìí ẹ̀ báyìí, nítòsí Lake Conroe lókè Houston. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nídìí gbogbo ìdáhùn mi lóṣù yìí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ̀wé ló béèrè pé ẹ́ńjìnnì họ́ọ̀sì (ìyẹn ìwọ̀n agbára ẹ́ńjìnnì) mélòó ni káwọn rà. Ta ló máa di ọkọ̀ mú, kí ló sì máa fi dì í mú, àwọn díẹ̀ ló rántí béèrè ìyẹn. Ẹni tó ná gbogbo owó ẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì tí kò ṣẹ́ kọ́bọ̀ kù fún sítíárìn, ẹṣin ló rà láìra ìjánu. Ẹ yan méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, kó sì jẹ́ ìwọ̀n èèyàn tẹ́ ẹ máa gbé lẹ máa fi yàn wọ́n. Eré tó wù yín láti sá lè dúró dìgbà mìíràn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ ra pọ́ńtúùn àlòkù kan, ẹsẹ̀ bàtà 22, agbá méjì, Mercury 60 (ẹ́ńjìnnì Mercury oníhọ́ọ̀sì 60) ló wà lẹ́yìn ẹ̀, sítíárìn ẹ̀ sì jẹ́ ti kébù, okùn irin tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì. A gbé e jáde lórí Lake Conroe, èèyàn mẹ́wàá la wà nínú ẹ̀, ńṣe ló ń wọ́ bíńtín-bíńtín. Ìyàwó mi ló di sítíárìn mú, torí òun ló máa ń wa ọkọ̀ nígbà tí mo bá ń ṣeré pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ó ní ó wúwo, ó sì ń fà á sí ọ̀tún. Ẹni tó ń tà á ní ká gbé 150 sí i, pé gbogbo ìṣòro ti parí nìyẹn. Àwo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn kọ 115 ṣá o, àmọ́ ó ní ká má wo ìyẹn. Ṣé ká gbà? Ṣé dandan ni ká lo háídírọ́líìkì, sítíárìn tí epo ń tì? — Bàbá Ìbejì, Houston

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú oríire o. Ẹ ò gbọdọ̀ gbà. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ yẹn ló kan àwo mọ́ ọn: iye èèyàn, ìwọ̀n ẹrù, àti agbára ẹ́ńjìnnì tí ẹ̀yìn ọkọ̀ lè gbé. Tó bá kọ 115, ibẹ̀ náà ló parí sí. Mercury 115 wọn nǹkan bíi kílò 163. Mercury 150 wọn nǹkan bíi kílò 206. Kílò tó lé ní ogójì á tún gun ẹ̀yìn ọkọ̀ agbá méjì tí àga ẹ̀yìn àti táǹkì epo ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdí á rì, imú á gbé sókè. Bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀, àwo yẹn gan-an ni iléeṣẹ́ adójútòfò lè tọ́ka sí tí wọn ò fi ní san kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìdí tí 60 yẹn fi ń wọ́. Èèyàn mẹ́wàá, tẹ́ ẹ bá fi kílò 80 bu ẹnì kọ̀ọ̀kan, kílò 800 nìyẹn. Mo sì mọ bí òde tiwa ṣe ń rí: kúlà ìrẹsì, kúlà ẹja díndín, kúlà ọtí mẹ́ta, ẹ̀rọ orin, ìkòkò ọbẹ̀ tí ẹnì kan ní kò gbọdọ̀ dúró sílé. Ohun tí pọ́ńtúùn nílò ni ẹ́ńjìnnì tó lè ti ẹrù, kó má máa wá bó ṣe máa sáré. Kí ẹ tó sọ pé 60 kéré, ẹ lọ wo àpótí jíà ẹ̀ nísàlẹ̀. Oríṣi méjì ni Mercury 60 yìí. Nínú èyí tó ní àpótí jíà kékeré, ẹ́ńjìnnì á yí nígbà 1.83 kí pùrọ̀pẹ́là (abẹ̀bẹ̀ tó ń gbá omi) tó yí lẹ́ẹ̀kan. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní Command Thrust, á yí nígbà 2.33. Pùrọ̀pẹ́là ti ìkejì tóbi jù, ó ń yí díẹ̀díẹ̀, ó ń gbá omi tó pọ̀. Yamaha náà ní irú ẹ̀, T60 ni wọ́n ń pè é. Tí Mercury tiyín bá jẹ́ oníjíà kékeré, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ibẹ̀ ni ẹ̀sùn wà.

Bẹ́ ẹ bá mọ̀ pé èèyàn mẹ́wàá lẹ máa ń gbé lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ lọ fún 115, kó sì jẹ́ Command Thrust. Jíà tiẹ̀ jẹ́ 2.38, ti 115 lásán sì jẹ́ 2.07. Àǹfààní ẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù kì í hàn láàárín adágún rárá, èbúté ló ti ń hàn. Pọ́ńtúùn ga, ìbòrí wà lórí ẹ̀, afẹ́fẹ́ sì máa ń mú un kiri. Ẹ bá fi ẹ́ńjìnnì sí rìfáàsì kó dá ọkọ̀ dúró, pùrọ̀pẹ́là kékeré á kàn máa da omi rú ni. Ti ńlá á mú omi dáadáa, ọkọ̀ á sì dúró. Tó bá jẹ́ èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ máa ń gbé, ẹ fi owó yín pamọ́, ẹ jẹ́ kí 60 wà níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ pùrọ̀pẹ́là ẹ̀.

Gígùn ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà ṣe pàtàkì. Oníńṣì 20 ló wọ́pọ̀ lórí pọ́ńtúùn agbá méjì. Oníńṣì 25 ló wọ́pọ̀ lórí àwọn agbá mẹ́ta ńlá. Ẹ fi téèpù wọn ibi tí wọ́n kọ́ ẹ́ńjìnnì sí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́. Tí ẹsẹ̀ bá kúrú jù, pùrọ̀pẹ́là á máa fa afẹ́fẹ́ mu nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá yí kọ́nà, ẹ́ńjìnnì á hó, ọkọ̀ ò ní lọ.

Ó wá kan sítíárìn. Ìyàwó yín ti sọ ohun méjì fún yín, méjèèjì sì jẹ́ òótọ́. Ó wúwo, ó ń fà. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, torí orísun wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Lórí wíwúwo, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ tú nọ́ọ̀tì tó so ọ̀pá sítíárìn mọ́ iwájú ẹ́ńjìnnì, kí méjèèjì yà. Ẹ wá fi ọwọ́ ti ẹ́ńjìnnì sọ́tùn-ún, ẹ tì í sósì. Tó bá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ẹ̀. Ẹ padà síwájú, ẹ yí sítíárìn tí kò so mọ́ nǹkan kan. Tó bá ṣì le, kébù ti dípẹtà nínú. Ẹ yọ ọ́ dànù, kò sí epo tẹ́ ẹ máa rọ sí i tó máa sọ ọ́ di tuntun. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì gan-an ni kò yí, gíríìsì àtijọ́ ló ti gan níbi tó ń yí lé, ìyẹn sì ṣeé fọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń dì í padà, ẹ ra nọ́ọ̀tì tuntun, èyí tó ní rọ́bà nínú. Ti àtijọ́ tẹ́ ẹ ti tú kì í di mú dáadáa mọ́, nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo yẹn ló sì wà láàárín ọwọ́ yín àti ẹ́ńjìnnì.

Ibi tí mo ti máa ń rí kébù tuntun tó bàjẹ́ láìpẹ́ ni ibi gíríìsì. Kí ẹ tó fi gọ́ọ̀nù gíríìsì sẹ́nu ẹ̀, ẹ yí sítíárìn títí ọ̀pá kébù á fi wọlé tán sínú páìpù. Ẹ bá rọ gíríìsì nígbà tí ọ̀pá ṣì nà síta, gíríìsì á dì níwájú ẹ̀, ọ̀pá ò ní ráyè wọlé mọ́, sítíárìn á há sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ fojú inú wo ìyẹn pẹ̀lú àwọn ọmọ nínú ọkọ̀.

Lórí fífà, pùrọ̀pẹ́là ni ẹ wá bí. Bó ṣe ń yí sọ́tùn-ún ló ń ti ẹ́ńjìnnì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kébù lásán sì ń gbé gbogbo títì yẹn wá sọ́wọ́ ẹni tó di sítíárìn mú. Lókè pùrọ̀pẹ́là, lábẹ́ abala pẹrẹsẹ tó wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ní ìrù kékeré kan tí bóòtù kan dì mú. Tí ọkọ̀ bá ń fà sí ọ̀tún, ẹ tú bóòtù, ẹ yí ẹ̀yìn ìrù náà sí ọ̀tún díẹ̀, ẹ dì í, ẹ jáde lọ dán an wò. Ó lè gbà tó ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó dọ́gba. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ṣé háídírọ́líìkì pọn dandan? Bẹ́ ẹ bá dúró sórí 60, rárá. Ẹ ra kébù tuntun pẹ̀lú orí sítíárìn oríṣi tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dá ọwọ́ yín padà; ó ní ohun tó ń dì í mú nínú, ó ń tú u sílẹ̀ kìkì nígbà tẹ́ ẹ bá yí i. Gígùn kébù wà lára ẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ ẹ̀. Ẹ kà á kí ẹ tó ra òmíràn. Lórí pọ́ńtúùn, abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ni kébù máa ń gbà lọ sẹ́yìn, ibẹ̀ sì máa ń gba omi. Ẹ wò ó bóyá ó tẹ̀ kọ́dọ́rọ́ níbì kan.

Bẹ́ ẹ bá gbé 115 sí i, ẹ fi háídírọ́líìkì sí i. Òfin ò kàn án nípá fún yín, àmọ́ èmi ò ní ta 115 fún mọ̀lẹ́bí mi lórí kébù. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: pọ́ǹpù wà lẹ́yìn sítíárìn, ó ń ti epo gba inú rọ́bà méjì lọ sí sìlíńdà tó wà lára ẹ́ńjìnnì. Fáàfù inú pọ́ǹpù ń sé epo mọ́, nítorí náà bí ìyàwó yín bá fọwọ́ sílẹ̀ kó lè tún ìbòrí orí ọmọ ṣe, ẹ́ńjìnnì á dúró síbi tó fi í sí. BayStar tí iléeṣẹ́ Dometic ń ṣe wà fún ẹ́ńjìnnì tí kò ju họ́ọ̀sì 150 lọ, ìyẹn á tó yín. Ó wọ́n ju kébù lọ dáadáa. Ìtọ́jú ẹ̀ ò le: ẹ wo epo ẹ̀, ẹ wo ìdí rọ́bà bóyá ó ń sun. Tí sítíárìn bá ń rọ̀ bí ẹ ṣe ń yí i, afẹ́fẹ́ ti wọ inú ẹ̀, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fa afẹ́fẹ́ náà jáde.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń tajà kì í sọ. Kébù máa ń yí nígbà bíi mẹ́ta sí mẹ́rin láti òpin ọ̀tún dé òpin òsì. Háídírọ́líìkì lè tó márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n ẹ máa yí i pẹ́. Ní èbúté, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí sítíárìn dópin kí wọ́n tó fi ẹ́ńjìnnì sí jíà. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà ní niútírà ò gbọ́ràn sí sítíárìn lẹ́nu, bó ti wù kí ẹ yí i tó. Ẹ yí, ẹ fi jíà sí i fìrí, ẹ yọ ọ́, ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, ẹ tún yí.

Ẹ ṣe èyí fún mi kí ẹ tó sanwó: ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín gbé ọkọ̀ jáde pẹ̀lú èrò tẹ́ ẹ máa ń gbé gan-an. Kó tẹ epo dópin, kó ka aago ìyípo ẹ́ńjìnnì. Bó bá jẹ́ Mercury 115 lẹ gbé sí i, ó yẹ kó dé àárín 5,000 sí 6,000 ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá sún mọ́ òkè, ó dáa. Tó bá dúró sí 4,700, píìṣì pùrọ̀pẹ́là ti pọ̀ jù. Nọ́ńbà kejì tí wọ́n kọ sára pùrọ̀pẹ́là ni píìṣì, ìyẹn iye íńṣì tó yẹ kó lọ síwájú bó bá yí lẹ́ẹ̀kan; íńṣì kan tẹ́ ẹ bá yọ kúrò máa ń fi nǹkan bí 150 sí 200 kún ìyípo. Ẹni tó ń tajà ní láti fún yín ní èyí tó yẹ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ má gbé ọkọ̀ lọ sílé pẹ̀lú ìlérí.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mi, agbá mẹ́ta ni tèmi, 250 ló wà lẹ́yìn ẹ̀, Lake Lanier ni mo ń lò ó. Ẹnì kan ní kí n yọ háídírọ́líìkì, kí n fi sítíárìn oníná sí i. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀? — Ọmọ Abẹ́òkúta, Atlanta

ÌDÁHÙN: Tí háídírọ́líìkì yín ò bá ní àìsàn, ẹ fi í sílẹ̀. Kí ẹ kàn rí i dájú pé kì í ṣe èyí tí òpin ẹ̀ jẹ́ 150. Mo ti rí irú ẹ̀ lórí ọkọ̀ àlòkù, tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín gbé ẹ́ńjìnnì ńlá sí i, tó fi sítíárìn ti kékeré sílẹ̀. Ẹ ka orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lára sìlíńdà. Tó bá wúwo fún yín lórí eré, ẹ̀rọ ìrànwọ́ wà tí wọ́n ń fi kún háídírọ́líìkì, iná bátìrì ló ń ti epo, ọmọ ìka lẹ ó fi máa yí i.

Oníná dáa, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ẹ lè ṣe é kó rọ̀ ní èbúté kó sì le díẹ̀ lórí eré. Àmọ́ bátìrì ni ẹ̀mí ẹ̀. Lórí ọkọ̀ tí wọ́n ti ń gbọ́ orin láti àárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, bátìrì ti sítíárìn gbọ́dọ̀ dá wà, kí orin má fọwọ́ kàn án. Ẹni tí kò bá ní ra bátìrì kejì, kó má ra sítíárìn oníná.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, okùn pupa tó máa ń so mọ́ ibi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ọkọ mi ní àwọn ọmọdé ló wà fún. Ṣé lóòótọ́ ni? Lewisville Lake la máa ń lọ. — Ìyá Tọ́lá, Dallas

ÌDÁHÙN: Rárá o, ìyá wa. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ló wà fún, bó ti wù kó dàgbà tó. Tó bá já bọ́ sómi, okùn á fà yọ, ẹ́ńjìnnì á kú lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2021, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan lórí ọkọ̀ tí gígùn ẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ bàtà 26, tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ sì tó họ́ọ̀sì 3 sókè, nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Ẹ wo ibi tó ti kan ọ̀rọ̀ sítíárìn: bí kébù bá já tàbí sítíárìn bá bọ́ lọ́wọ́ lórí eré, ọkọ̀ á yí lójijì, ẹni tó dúró nídìí ẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ fò jáde. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, tí kò sẹ́nì kankan nídìí ẹ̀, á máa yípo padà wá sórí ẹni tó wà nínú omi. Pùrọ̀pẹ́là ò mọ ojú ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọmọ wá ní tiwọn. Ní Texas, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù ìléfòó nígbàkígbà tí ọkọ̀ tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 26 bá ń rìn. Kó wà lọ́rùn wọn, kì í ṣe lábẹ́ àga. Ẹ̀yin òbí tí wọ́n bí ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 1993 tàbí lẹ́yìn ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀kọ́ awakọ̀ omi kí ẹ tó wa ohun tó ju họ́ọ̀sì 15 lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú àárò ilé o. Mo fẹ́ jó pọ́ńtúùn kan tí màá máa fi gbé àlejò yí ọ̀sà ká, ogún èèyàn lẹ́ẹ̀kan. Wẹ́dà mi ní ká lo agbá irin 200 lítà. Mo ní Yamaha Enduro 40 kan, ọlọ́wọ́ ni, ọwọ́ ẹ̀yìn la fi ń darí ẹ̀. Ṣé kí n fi bẹ́ẹ̀ lò ó, àbí kí n fi sítíárìn sí i níwájú? Ṣé kí n ra 40 kejì? — Ọmọ Ẹ̀pẹ́ gidi, Ẹ̀pẹ́

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, inú mi dùn sí lẹ́tà yìí ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò kí wẹ́dà tó tan iná.

Agbá 200 lítà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọkọ̀ léfòó bó ṣe yẹ, ìdajì ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà nínú omi. Ìdajì yẹn á gbé nǹkan bíi kílò 100. Agbá fúnra ẹ̀ wọn tó kílò 20, ó ku 80. Ogún èèyàn, kílò 75 lọ́kọ̀ọ̀kan, 1,500 nìyẹn. Férémù irin, pákó, ìbòrí àti àga, ẹ ka 700. Ẹ́ńjìnnì, epo àti bátìrì, 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ó ti ń sún mọ́ 2,400. Ẹ fi 80 pín in: ọgbọ̀n agbá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́tùn-ún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lósì. Agbá kan gùn díẹ̀ kò tó mítà kan, ọkọ̀ yín á sún mọ́ mítà 13. Ẹ́ńjìnnì 40 ò ní rí i darí nínú afẹ́fẹ́ ọ̀sán, èbúté Ẹ̀pẹ́ gan-an ò ní gbà á. Ẹ gbé èèyàn mẹ́wàá. Férémù á kéré, gbogbo ẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi kílò 1,400, agbá méjìdínlógún á gbé e, mẹ́sàn-án lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nǹkan bíi mítà 8. Ìyẹn ṣeé wà.

Kí wẹ́dà má ṣe lu agbá méjì jọ di ọ̀kan nínú. Kí ìdérí agbá kọ̀ọ̀kan wà ní dídì pa, kó dá dúró, tó fi jẹ́ pé bí igi bá lu ọ̀kan, mẹ́jọ tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn ò ní gba omi. Agbá tí wọ́n fi gbé epo tàbí kẹ́míkà tẹ́lẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ dáadáa kí iná tó kàn án. Ó ń bú gbàmù. Bí owó bá wá dé lọ́jọ́ iwájú tẹ́ ẹ sì jó ti alumíníọ́mù, ẹ má kun ọ̀dà tí bàbà wà nínú ẹ̀ sí i, omi oníyọ̀ àti bàbà á jẹ alumíníọ́mù yẹn ní àjẹrun.

Ẹ fi sítíárìn sí i níwájú. Lórí ọkọ̀ fáíbà tààrà, ọwọ́ ẹ̀yìn dáa, awakọ̀ ń rí iwájú. Lórí pọ́ńtúùn, èèyàn mẹ́wàá àti ìbòrí ló máa wà láàárín awakọ̀ àti ọ̀nà, àwọ̀n àwọn apẹja àti igi inú omi ò sì ní dúró de ẹni tí kò rí wọn. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì yín. H tó wà nínú ẹ̀ ló fi hàn pé ọlọ́wọ́ ni. Lẹ́tà tó kẹ́yìn ni gígùn ẹsẹ̀: S jẹ́ íńṣì 15, L jẹ́ 20, X jẹ́ 25. Tó bá jẹ́ S, ẹ tà á, ẹ ra L, torí pọ́ńtúùn ga lójú omi. Wọ́n lè yí ọlọ́wọ́ padà di oní-sítíárìn, ẹ máa nílò àpótí jíà ọwọ́, kébù jíà, kébù epo àti kébù sítíárìn. Ẹ ka gbogbo ẹ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ tó pinnu. Nígbà míì ó sàn kí ẹ tà á, kí ẹ ra èyí tó ti wá bẹ́ẹ̀.

Fún 40, kébù tó. Mi ò ní ní kí ẹ lọ ra háídírọ́líìkì, ẹni tó máa fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde lè má sí nítòsí, ṣùgbọ́n gbogbo mẹkáníìkì èbúté ló lè pààrọ̀ kébù. Ẹ ra méjì, kí ọ̀kan wà nínú ọkọ̀. Omi ọ̀sà ní iyọ̀ nínú lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi omi tútù tí kò níyọ̀ ṣan ọ̀pá ẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ sì máa fún un ní gíríìsì bí mo ṣe ṣàlàyé fún Bàbá Ìbejì lókè.

Ẹ má ra 40 kejì. Ọkọ̀ agbá irin kì í gun orí omi, ó ń la á kọjá ni, 40 méjì á kàn jẹ epo ìlọ́po méjì fún eré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ ra 15 kékeré, kẹ́ ẹ kọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ńlá. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó gbé yín délé lọ́jọ́ tí ńlá bá kú. Ó sì máa kú lọ́jọ́ kan, torí ọ̀rá (àpò náílọ́ọ̀nù) inú ọ̀sà. Ọ̀rá ń di ojú ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa omi tútù mu. Kí awakọ̀ yín máa bojú wẹ̀yìn: omi tó ń tọ̀ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa tọ̀ geerege. Tó bá ti rọ̀ tàbí tó dáwọ́ dúró, kó pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kó gbé e sókè, kó yọ ọ̀rá tàbí koríko tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á kọ́kọ́ dé èbúté, ẹ́ńjìnnì tuntun ló máa rà.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ NIWA (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ojú omi) àti LASWA (ti Ìpínlẹ̀ Èkó) fún ìforúkọsílẹ̀ kí àlejò àkọ́kọ́ tó wọlé. Ẹ̀wù ìléfòó fún gbogbo ọrùn. Ẹ má gbé èrò lálẹ́, wọn kì í gbà á.

Lẹ́yìn tí wẹ́dà bá parí, ẹ má tíì gbé èèyàn kankan. Ẹ di yanrìn sínú àpò, ẹ wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n títí á fi pé kílò 750, ẹ tò ó síbi tí àlejò máa jókòó. Ẹ sàmì ọ̀dà sára agbá níbi tí omi dé. Ẹ gbé e jáde, ẹ yí sítíárìn dópin sọ́tùn-ún, ẹ yí i dópin sósì, ẹ fi rìfáàsì dá a dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo àpò sí ẹ̀gbẹ́ kan, torí bí ẹnì kan bá kígbe pé òun rí ẹja ńlá, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni gbogbo àlejò máa sá lọ. Bí agbá ẹ̀gbẹ́ yẹn bá rì tán lábẹ́ omi, ẹ dín èèyàn kù sí mẹ́fà tàbí kẹ́ ẹ fẹ ọkọ̀ náà lójú sí i, kẹ́ ẹ tún fi yanrìn dán an wò.